Bí ẹ ṣe lè wá ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Dallas County ní Alabama

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá. Ọmọ wa kan fẹ́ ará Amẹ́ríkà dúdú, ìdílé ẹni tó fẹ́ ti agbègbè Selma wá, ọmọ ti dé, wọ́n sì fẹ́ mọ ìran tí ọmọ náà ti ṣẹ̀. Ẹlòmíràn jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà gan-an, ó ti gba orúkọ Yorùbá, ó ń kọ́ èdè wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ wọn ló ti sanwó fún ìkànnì kan, tí wọ́n tẹ orúkọ bàbá bàbá wọn sí i, tí igba John Smith jáde sí wọn, tí wọ́n sì pa kọ̀ǹpútà dé.

Dallas County ni mo mú nítorí pé ìwé rẹ̀ ni mo ti tú jù. Káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Selma sì ni olú ìlú èyí. Tí ẹ bá ti kúrò ní Selma, oko àti abúlé ló kù. Gbogbo ènìyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020 lé díẹ̀ ní 38,000. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wúlò fún àwọn káúńtì tó yí i ká pẹ̀lú: Wilcox, Perry, Marengo, Lowndes, Autauga àti Chilton.

Òfin kan ni kí ẹ dì mú. Láti orí ẹni tó wà láàyè ni ẹ ó ti máa rìn padà sẹ́yìn, ìran kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fo ìran kan, ìdílé onídìílé ni yóò máa tọ́jú.

## Kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà

Ẹ wá ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé náà kí ẹ jókòó tì í. Fóònù kò burú, ṣùgbọ́n ẹ lọ bá a nílé tí ẹ bá lè lọ, nítorí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í gbé fóònù. Inú àpótí yẹn ni ìwé ètò ìsìnkú máa ń wà. Àwọn dúdú Amẹ́ríkà kì í fi ìsìnkú ṣeré, bíi tiwa náà ni. Ìwé ètò wọn máa ń sọ ibi tí wọ́n bí olóògbé sí, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣèrìbọmi, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ, àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo lè dín oṣù mẹ́ta kù nínú wàhálà yín.

Ẹ má bi àgbà pé, "Kí lẹ mọ̀ nípa ìdílé yìí?" Yóò ní òun kò mọ nǹkan kan. Ìbéèrè kéékèèké ni kí ẹ bi í. Ta ni wọ́n jọ ń sùn nínú ilé ìyá àgbà? Oko ta ni wọ́n ń dá? Itẹ́ òkú wo ni wọ́n máa ń lọ ro? Ta ló kọ́kọ́ kó lọ sí Detroit tàbí Chicago?

Ẹ ṣọ́ra fún "aunt" àti "cousin". Lẹ́nu àgbà gúúsù Amẹ́ríkà, bí "ẹ̀gbọ́n" àti "àǹtí" ṣe rí lẹ́nu wa ló rí. Ó lè jẹ́ ẹbí, ó lè jẹ́ aládùúgbò tó bá wọn wo ọmọ. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ rí i pé ẹ ti gba:

- Orúkọ inú ìwé àti orúkọ ìnagijẹ. Wọ́n lè fi ọgọ́ta ọdún pe ènìyàn ní "Big Mama", kí ọmọ ọmọ má mọ̀ pé Lucinda ni ìjọba mọ̀ ọ́n sí.
- Orúkọ ìdílé àwọn obìnrin kí wọ́n tó wọlé ọkọ.
- Ọdún ìbí, bó tilẹ̀ jẹ́ àfojúdá.
- Orúkọ abúlé. "Selma" nìkan kò tó. Ṣé Orrville ni? Marion Junction? Safford? Sardis? Bogue Chitto? Plantersville?
- Orúkọ gbogbo ọmọ ìyá, pàápàá èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mary àti John kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n bá sọ ní Philander ni ẹ ó fi dá ilé náà mọ̀ lójú ìwé tí wọ́n ti ṣi orúkọ bàbá kọ.

Ìkànnì mẹ́ta ni ẹ ó ti máa wá ìwé àtijọ́. FamilySearch kò gba kọ́bọ̀, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni. Ancestry ń gba owó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ní Amẹ́ríkà ló ń jẹ́ kí ènìyàn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá jókòó síbẹ̀. Ìkẹta ni ìkànnì ilé ìṣúra ìwé àtijọ́ ìpínlẹ̀ Alabama, ìyẹn Alabama Department of Archives and History ní Montgomery. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ìwé ikú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ọdún 1908 ni Alabama bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú sílẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹ má wá ìwé ìbí ẹni tí wọ́n bí ní 1885. Ìwé ikú rẹ̀ ni kí ẹ wá, torí òun ni yóò sọ orúkọ òbí rẹ̀.

1. Lórí FamilySearch, ẹ wá àkójọ tí wọ́n pè ní "Alabama Deaths, 1908–1974".
2. Ẹ tẹ orúkọ òkú àti Dallas. Tí kò bá jáde, ẹ yọ orúkọ ìdílé kúrò, kí ẹ fi orúkọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá a.
3. Ẹ kọ orúkọ òbí méjèèjì sílẹ̀, àti ibi tí wọ́n ní wọ́n bí wọn sí.
4. Ẹ béèrè fún ìwé náà gan-an lọ́wọ́ ẹ̀ka ìlera ìjọba Alabama. Ẹ lè bi ọ́fíìsì ìlera káúńtì bóyá wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ fún yín. Ìwé ikú tó bá ti pé ọdún 25, ẹnikẹ́ni lè gbà á. Ti ìbí di ọdún 125.

Kí ni èrè owó tí ẹ ó san lórí ìwé gan-an? Orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ fún akọ̀wé wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ àbúrò olóògbé, ẹ lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Tó bá jẹ́ àna, ó ṣeé ṣe kó má mọ orúkọ ìyá olóògbé rárá, kó kàn dárúkọ èyí tó bá sí i lẹ́nu. Ènìyàn ń sunkún lọ́wọ́, wọ́n ní kó sọ orúkọ ìyá ìyá ìyàwó rẹ̀!

Tí ẹni náà kò bá sí nínú ìwé Alabama, ẹ ronú sí Michigan, Ohio àti Illinois. Ọ̀pọ̀ ló ṣí lọ sí àríwá, ibi tí ènìyàn bá kú sí ni ìwé ikú rẹ̀ wà.

Nǹkan kan tún wà tí ọmọ Nàìjíríà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí àwọn òbí wa máa ń lọ gbà ní kóòtù? Àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ẹni tí kò ní ìwé ìbí ní láti mú ẹlẹ́rìí tàbí Bíbélì ìdílé wá kí wọ́n tó kọ ọ̀kan fún un. "Delayed birth certificate" ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi àgbà bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé gba irú rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé ìkànìyàn, láti 1950 sẹ́yìn

Ọdún 72 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ti ìwé ìkànìyàn pa. Ti 1950 ló ṣí kẹ́yìn, ní 1 Oṣù Kẹrin 2022. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ lọ sí 1940, 1930, 1920, 1910, 1900. Ẹ má wá 1890: iná tó sọ ní Washington ní 1921 ló fa òfò rẹ̀. Láti 1900, 1880 ló kàn, lẹ́yìn náà 1870.

Ohun tí ẹ ó wò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

- 1940: X kan wà nínú òbìrí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnì kan. Òun ló dá akànìyàn lóhùn. Tí kò bá sí X, ó lè jẹ́ aládùúgbò ló sọ̀rọ̀.
- 1910 àti 1900: iye ọmọ tí ìyá bí àti iye tó wà láàyè. Tó bá bí mọ́kànlá tí mẹ́fà wà láàyè, ẹ ti mọ̀ pé àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún yín.
- 1900: oṣù àti ọdún tí wọ́n bí olúkúlùkù.
- 1880: ìwé àkọ́kọ́ tó sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí olórí ilé, tó sì sọ ibi tí wọ́n bí bàbá àti ìyá rẹ̀ sí.
- 1870: ìwé àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo dúdú lẹ́yìn oko ẹrú, tó dópin ní 1865 nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí. Kò sọ bí wọ́n ṣe tan. Obìnrin tó wà lábẹ́ orúkọ ọkùnrin lè jẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ àbúrò, ó sì lè jẹ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí dà yín láàmú. Ẹni tó pé 30 ní 1870 lè di 48 ní 1880, kó sì padà di 55 ní 1900. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ogun Hitler ka ọjọ́ orí ni àwọn náà ń fi ọdún tí òmìnira dé kà á. Bí orúkọ ọmọ bá bára mu ní títẹ̀léra, tí ibi tí wọ́n ń gbé sì bára mu, ẹ fi ọdún mẹ́wàá síwá sẹ́yìn gbà wọ́n láyè.

Iṣẹ́ kan wà tí gbogbo ènìyàn máa ń sá fún, òun náà ló sì ń gbani nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ bá rí ìdílé yín, ẹ da gbogbo ojú ìwé yẹn kọ, àti ojú ìwé tó ṣáájú, àti èyí tó tẹ̀lé e. Akànìyàn ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó wà nílé kejì lè jẹ́ àna, ẹ̀gbọ́n, tàbí ẹni tí wọ́n jọ kúrò lóko ẹrú kan náà. Tí ẹ bá dé ìgbésẹ̀ 5, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń pariwo.

## Nípa orúkọ tó ń yí padà

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìwé Dallas County tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàlàyé èyí ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Àbákẹ́ ni. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ sínú Clotilda, ọkọ̀ ẹrú tó gúnlẹ̀ sí Mobile ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Memorable Creagh ló rà wọ́n. Creagh ni orúkọ ìdílé tí wọ́n fi ń pe Àbákẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kú ní Selma ní 1940, Matilda McCrear ló ń jẹ́.

Ní 1931, arúgbó ni, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma láti béèrè owó gbà-máà-bínú. Wọn kò fún un. Ṣùgbọ́n oníròyìn kan gbọ́, ìwé ìròyìn Selma Times-Journal sì gbé e. Ìròyìn yẹn wà lára ohun tí òpìtàn Hannah Durkin ti Yunifásítì Newcastle fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀, tó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2020. Àwọn ọmọ ọmọ Àbákẹ́ kò mọ̀ pé inú Clotilda ni ìyá wọn ti wá.

Ẹni tó bá tẹ "McCrear" nìkan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan Creagh láéláé. Torí náà, kí ẹ tó wá orúkọ èyíkéyìí, ẹ kọ ọ̀nà mẹ́fà tí akọ̀wé tí kò gbọ́ ohùn yẹn dáadáa lè gbà kọ ọ́. Ẹ kúkú mọ bí Adéṣọlá ṣe ń di Adeshola, tó ń di Adesola, láàárín ọmọ bàbá kan náà.

Ẹ máa wo ìwé ìròyìn pẹ̀lú. Chronicling America, ìkànnì ìwé ìròyìn àtijọ́ ti Library of Congress (ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà), jẹ́ ọ̀fẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ìgbéyàwó

Oṣù Kẹjọ 1936 ni ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìgbéyàwó jọ. Èyí tó bá ṣáájú rẹ̀ wà lọ́wọ́ Probate Court (kóòtù tó ń tọ́jú ìwé ìgbéyàwó, ogún àti ilẹ̀) ti káúńtì tí wọ́n ti gbà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà lórí FamilySearch. Ìwé aláwọ̀ funfun lọ́tọ̀, ti dúdú lọ́tọ̀, bí ọ̀pọ̀ káúńtì Alabama ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá ń ṣí àwòrán ìwé fúnra yín, ẹ wo èèpo ìwé kí ẹ tó sọ pé ẹ kò rí wọn.

Ẹ wá obìnrin náà lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Tí wọn kò bá sí ní Dallas, ẹ wo Wilcox àti Perry: ibi tí ìyàwó ń gbé ni wọ́n sábà máa ń lọ. Ẹ wo ọdún 1865 sí 1870 dáadáa. Ẹni tó ti bí ọmọ márùn-ún lóko ẹrú lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gba ìwé nígbà yẹn, nítorí pé òfin kò ka ìgbéyàwó ẹrú sí.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìwé ológun

Mo máa sáré lórí èyí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ogun àgbáyé kìíní, 1917 sí 1918, kan ọkùnrin tí wọ́n bí láàárín 1872 sí 1900, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lọ sójú ogun. Ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ àti ẹni tí ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ fún wà lórí káàdì. Fún ogun kejì, ẹ má wá káàdì àwọn àgbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní 1942: wọ́n ti ba ti Alabama jẹ́, pẹ̀lú ti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù méje mìíràn.

Tí ọkùnrin kan bá ti dàgbà tó ní 1865, ẹ wò ó bóyá ó wọ iṣẹ́ ológun àwọn dúdú. Ní Selma ni wọ́n ti kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun 137th United States Colored Troops jọ ní Oṣù Kẹrin 1865. Fáìlì owó ìfẹ̀yìntì irú wọn wà ní National Archives, ilé ìṣúra ìwé ìjọba àpapọ̀, ní Washington. Ó wọ́n díẹ̀ láti gbà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣahun: opó ní láti mú ẹlẹ́rìí tó mọ̀ wọ́n lóko ẹrú wá, orúkọ olówó wọn sì máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ògiri 1870

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń padà. Ní 1860, ìjọba kò kọ orúkọ ẹrú. Ní 1870, orúkọ gbogbo wọn jáde lójijì, bíi pé òjò ló rọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì. Ẹ tẹ̀lé wọn bí mo ṣe tò wọ́n:

1. Ìwé olùdìbò 1867. Ọkùnrin tó pé ọdún 21 ló wà níbẹ̀, dúdú àti funfun. Orúkọ rẹ̀, àdúgbò ìdìbò rẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló sọ. Ìkànnì ilé ìṣúra ìwé àtijọ́ Alabama ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹnì kan bá sọ pé òun ti ń gbé ní àdúgbò náà fún ogún ọdún, ẹ mọ̀ pé oko tó ti ṣẹrú kò jìnnà.
2. Ìkànìyàn ìpínlẹ̀ Alabama ti 1866. Orúkọ olórí ilé nìkan ló wà níbẹ̀. Iye ìyókù ni wọ́n kà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní ìsọ̀rí ọjọ́ orí. Ẹ fi wé ilé tí ẹ rí ní 1870.
3. Ìwé Freedmen's Bureau, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, 1865 sí 1872. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Selma. Àdéhùn iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: olóko kan buwọ́ lùwé pẹ̀lú ogún tàbí ọgbọ̀n òṣìṣẹ́, wọ́n sì tò wọ́n ní ìdílé-ìdílé. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Níbi yìí ni àwọn aládùúgbò tí mo ní kí ẹ dà kọ ti di wúrà. Tí ìdílé yín kò bá sí nínú àdéhùn kankan, ṣé ará ilé kejì wọn wà níbẹ̀? Ẹ tẹ̀lé e.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ta ni olówó wọn?

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù ni pé, "Wọ́n ń jẹ́ Smith, Smith ló ni wọ́n." Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, orúkọ olówó àkọ́kọ́ ní Virginia ni, tàbí ti bàbá wọn, tàbí èyí tó kàn wù wọ́n. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ padà sí 1870. Ní ojú ìwé mẹ́wàá síwájú àti mẹ́wàá sẹ́yìn ìdílé yín, ẹ kọ orúkọ gbogbo aláwọ̀ funfun tí iye ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀wọ́n owó wà níbẹ̀ tó fi í hàn.
2. Ẹ ṣí ìwé ẹrú ti 1860 fún Dallas County, "slave schedule" ni kí ẹ tẹ̀. Orúkọ olówó ló wà níbẹ̀. Ẹrú kàn ní ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀. Wọ́n lé ní 25,000, kò sì sí káúńtì mìíràn ní Alabama tó ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.
3. Ẹ yọ ọdún mẹ́wàá kúrò lórí ọjọ́ orí 1870. Bàbá 45, ìyá 40, ọmọ 18, 15 àti 12 yóò di 35, 30, 8, 5 àti 2. Ta ni nínú àwọn tí ẹ kọ sílẹ̀ ló ní irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀?
4. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣeé ṣe. Ìfura ni o, kò tíì di ẹ̀rí. Ìgbésẹ̀ 7 ni ẹ̀rí wà.

Ẹ tún wo ibi tí ìwé ti sọ ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí ní 1870 àti 1880. Tí wọ́n bá kọ "Africa", ẹ dúró níbẹ̀, ẹ mú omi mu. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Àwọn ará Clotilda kò yẹ kó sí nínú ìwé ẹrú 1860: 1 Oṣù Kẹfà ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ìkànìyàn ọdún náà, oṣù tó tẹ̀lé e ni ọkọ̀ náà dé.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé ogún ní kóòtù

Lójú òfin ìgbà yẹn, dúkìá ni ẹrú. Ìwé dúkìá ni orúkọ wọn wà, kì í ṣe ìwé ènìyàn.

1. Ẹ wá ìgbà tí olówó náà kú.
2. Tó bá kú kí 1865 tó dé, ẹ wá ìwé ìhágún rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀ ní Probate Court. Àkọsílẹ̀ ẹrù yìí ni orúkọ wà, pẹ̀lú iye owó lẹ́gbẹ̀ẹ́.
3. Ẹ wá bí wọ́n ṣe pín in: ọmọ wo ló mú ta ni. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bí ìyá ṣe bọ́ sí Dallas tí ọmọ bọ́ sí Lowndes.
4. Tí kò bá kú kí ogun abẹ́lé náà tó parí, ẹ wo ìwé ilẹ̀: títà, ẹ̀bùn fún ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ, àti gbèsè tí wọ́n fi ènìyàn ṣe ohun ìdógò fún.
5. Tí ẹ kò bá rí i síbẹ̀, ẹ wá bàbá ìyàwó rẹ̀. Àìmọye ẹrú ló bá ìyàwó wá láti Georgia, South Carolina tàbí Virginia. Ìwé wọn wà níbẹ̀, kì í ṣe ní Alabama.

FamilySearch ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Full-Text Search tó ń ka ìwé àfọwọ́kọ fúnra rẹ̀. Ẹ fi orúkọ olówó àti orúkọ ẹrú méjì tó ṣọ̀wọ́n wá a papọ̀. Kì í ka gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló ti bá mi ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má ka ìwé wọ̀nyí lóru ní ẹ̀yin nìkan. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ ọmọ ọdún méjì kan wà láàárín ìbaaka àti ẹ̀rọ òwú, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Mo dìde, mo rìn yí ilé po. Tó bá jẹ́ ìdílé ọkọ tàbí ìyàwó yín ni ẹ ń bá wá, ẹ sọ fún wọn ṣáájú ohun tí wọ́n fẹ́ rí, kí ẹ má kàn fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

## Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà

- Wíwá "Selma" nínú ìwé àtijọ́. Cahaba ni olú ìlú káúńtì títí di 1866. Wọ́n tún ń kọ ọ́ ní Cahawba.
- Ààlà tó yí padà. Oṣù Kejì 1818 ni wọ́n gé Dallas kúrò lára Montgomery County. Ní 1830 wọ́n gé apá kan rẹ̀ mọ́ Lowndes. Ilẹ̀ kan náà, káúńtì mẹ́ta.
- Dída àtẹ ìdílé ẹlòmíràn kọ. Tí kò bá fi ìwé ti orúkọ lẹ́yìn, ìfura rẹ̀ ni ẹ ń jogún. Mo ti rí ọmọkùnrin tó dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ.
- "Kò sí nínú ìwé." Ó lè jẹ́ àtọ́ka ni kò sí. Ẹ ṣí àwòrán ojú ìwé, kí ẹ fi ojú ara yín kà á.

Nípa DNA, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ìdá kan tó sọ pé "Nigeria" kò sọ ìlú, kò sì sọ ẹ̀yà pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ yé sọ fún ẹni tó fi èsì hàn yín níbi àríyá pé, "Ojú rẹ jọ ti ará Ìjẹ̀bú!" Ó máa gbà yín gbọ́. Ìwúlò rẹ̀ ni àwọn ìbátan tó bá gbé jáde: tí ẹni tí ìran rẹ̀ ti oko kan náà wá bá bá yín tan, ìwé yín ti rí ẹlẹ́rìí.

## Bí ẹ kò bá lè dé Alabama

Àwọn àwòrán kan wà lórí FamilySearch tí kì í ṣí nílé. Ẹ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọn, yóò ṣí níbẹ̀. Ilé ìjọsìn Mormon ni púpọ̀ wọn wà, wọ́n sì wà ní Nàìjíríà àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú. Ẹ kò ní láti jẹ́ ọmọ ìjọ.

Bí ẹ bá ń lọ sí Selma fúnra yín, ẹ pe kóòtù ṣáájú láti mọ ìwé tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà ní Montgomery. Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún ilé ìkàwé ìjọba ìlú náà, àti ọjọ́ Àìkú kan fún ṣọ́ọ̀ṣì ìdílé. Ẹ dúró lẹ́yìn ìsìn.

Bí ẹ bá máa kọ̀wé sí Probate Court, ohun kan ni kí ẹ béèrè nínú lẹ́tà kan. Ẹ kọ:

- orúkọ kíkún àti ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ ọ́;
- irú ìwé tí ẹ fẹ́: ìgbéyàwó, ìhágún tàbí ilẹ̀;
- ọdún, pẹ̀lú márùn-ún síwájú àti márùn-ún sẹ́yìn;
- nọ́ńbà ìwé àti ojú ìwé, tí ẹ bá ti rí i nínú àtọ́ka;
- pé kí wọ́n sọ iye owó fọ́tòkọ́pì fún yín kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí ẹ kò gbúròó, ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ajé, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.